Ìlérí Kì í Gbé Ẹnu Ẹnì Kan

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́rin dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ láti máa ka ìtàn Yorùbá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A kó ìwé 200 jọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ìwé àṣẹ láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

Mo mú lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́. Ọ̀gá tó gbà á lọ́wọ́ mi túraká. Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ yín dára. Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo padà lọ. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀keje, wọ́n ní wọ́n ti gbé ọ̀gá lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tó jókòó sí àga rẹ̀ kò gbọ́ orúkọ wa rí, a kò sì rí fáìlì wa. Kí àṣẹ tó dé, ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi. Abẹ́ ibùsùn mi ni páálí ìwé wà ní gbogbo sáà náà.

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ọ̀gá náà kì í ṣe ọ̀tá wa. Òbí wo ni yóò fẹ́ kí ẹni tí a kò mọ̀ rí ṣàdédé wọ kíláàsì ọmọ òun? Ó yẹ kí ìjọba béèrè ẹni tí a jẹ́. Àṣìṣe wa ni pé ẹnu ẹnì kan la gbé ìlérí náà sí. Nígbà tó ṣípò, ìlérí bá a lọ. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún.

Ìdí nìyí tí a fi tún ẹsẹ̀ wa tò. A forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ Apá F nínú òfin CAMA ti ọdún 2020. Òfin náà ní kí a kéde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí a sì fún ẹni tó bá ní àtakò ní ọjọ́ 28. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí yẹn ń sọ ẹni tí a jẹ́ ká tó lanu. Ẹ̀dà méjì lẹ́tà ni mo ń mú lọ báyìí: wọn á gba ọ̀kan, wọn á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ mọ́ èkejì fún mi. Mo sì máa ń béèrè orúkọ ẹni tó ń tọ́jú fáìlì, nítorí ọ̀gá a máa ṣípò, akọ̀wé a sì máa pẹ́ nídìí iṣẹ́.

Ní sáà yìí, a wọ ilé-ẹ̀kọ́ méjì. Inú mi dùn, síbẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tí a kọ́kọ́ ṣèlérí fún ti jáde. Àbúrò ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ kò wá nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà níbí?" Mo ṣí ìwé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.