Ọjà Ló Ń Pa Àgbẹ̀

Bàbá kan ní Ìjió múnú bí mi lọ́sẹ̀ yìí. Yunifásítì gba ọmọ rẹ̀ pé kó wá kọ́ ìmọ̀ òwò àgbẹ̀, bàbá fárígá. Ó ní, "Ṣé owó ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ àgbẹ̀ lóko ríro ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí mọ ohun tí mo máa ń wí: oko kọ́ ló ń pa àgbẹ̀, ọjà ni. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ gbà dá bàbá náà lóhùn.

Èkíní, ilé ẹ̀kọ́ ò jìnnà. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Moor Plantation n'Íbàdàn ti ń kọ́ni láti 1921, Abẹ́òkúta ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ láti 1988, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba Ọ̀yọ́ wà n'Ígbó-Ọrà, yunifásítì LAUTECH sì ti gbé ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ wá sí Ìsẹ́yìn.

Èkejì ni àpò, tí ẹni tó bá kọ́ òwò àgbẹ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n fi rẹ́ òun jẹ. Àpò àgbàdo! Oníbàárà á rọ ọ́ kún dẹ́nu, á tún rán àwọ̀n mọ́ ẹnu rẹ̀, á tún máa rọ ọ́ lọ títí yóò fi yọ gọngọ. Owó àpò kan náà ló máa san. Ta ló ni èyí tó wà lókè yẹn? Àgbẹ̀ ni! Òun ló gbìn ín, òun ló da ajílẹ̀ sí i, òun ló sanwó alágbàṣe tó kórè rẹ̀. Kí ló dé tí a ò fi ìwọ̀n kìlò sí ọjà?

Ìyá mi ta àgbàdo títí ó fi dàgbà. Ó mọ iye àpò tó tà lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ láti kọ iye tó ná sílẹ̀. Ó lọ láìmọ̀ bóyá ó jèrè rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ní oṣù Keje 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí wọ́n kó àgbàdo wọlé láti òkè òkun fún 150 ọjọ́ láìsan owó ibodè. Àgbàdo tuntun ti ń wọ ọjà wa nígbà yẹn! Ẹni tó bá kọ́ òwò àgbẹ̀ á gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, á sì mọ̀ bóyá kóun tà lónìí tàbí kóun kó o pamọ́, kóun lọ̀ ọ́ ṣe oúnjẹ adìẹ, tàbí kóun gbin ẹ̀wà sí ilẹ̀ náà lọ́dún tó ń bọ̀ kí ilẹ̀ lè sinmi.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kẹta dúró ná. Àpò yẹn ni mo ṣì ń bínú sí.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó ilé ìwé ọmọ yín. Ẹ̀yin olùkọ́ n'Ísẹ́yìn àti Igbó-Ọrà, ẹ gbé ìwọ̀n kìlò wá sí ọjà Ìjió, kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ náà dání, kẹ́ ẹ wọn àpò yẹn lójú gbogbo wa.