Ọmọ Tí Ń Bì Tí Ebi Sì Ń Pa: Ẹ Gbé E Sórí Òṣùwọ̀n

 Ọ̀rọ̀ èébì ọmọ ọwọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Orí ẹ̀bi tèmi ni n óò sì ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn ìyá àgbà nìkan ni mo wá bá wí.

Ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, obìnrin kan gbé àkọ́bí rẹ̀ láti Òkè-Ọ̀dàn wá sí dìsípẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin ni ọmọ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni. Ìyá rẹ̀ ní bí ó bá ti mu ọmú tán, ńṣe ni yóò tú gbogbo rẹ̀ jáde. Mo ní kí ó máa gbé e sí èjìká lẹ́yìn ọmú, mo sì fún un ní oògùn inú kíkùn. Ó tún padà wá, mo yí oògùn padà. Nígbà tí ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá àgbà tẹ̀ lé e. Màmá náà gbé ọmọ lé ọwọ́, ó wojú mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí fúyẹ́ ju bí ó ti rí lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ."

Ìtìjú bá mi. Òṣùwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, n kò sì gbé ọmọ náà lé e rí. Nígbà tí mo gbé e lé e, kò tó ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bí i. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbéra lọ sí Ìlarò, láti ibẹ̀ wọ́n dé Abẹ́òkúta. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì yè. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Kí ni ó ṣe ọmọ náà? Pyloric stenosis ni àwọn dókítà ń pè é. Ní ìsàlẹ̀ àpòlúkù, níbi tí oúnjẹ ń gbà bọ́ sínú ìfun, iṣan kan wà tí ó yí ẹnu ọ̀nà ká bí okùn ẹnu àpò. Lára àwọn ọmọ kan, iṣan yìí a máa nípọn sí i lẹ́yìn ìbí, títí ọ̀nà yóò fi há. Wàrà kò rí ibi kọjá mọ́, àpòlúkù a sì fi agbára tì í padà sókè. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹjọ. Bí ó bá ṣe ọmọbìnrin kan, yóò ṣe tó ọmọkùnrin mẹ́rin, ó sì wọ́pọ̀ lára àkọ́bí. Ó ń ṣe ọmọ àwọn òyìnbó ju ọmọ tiwa lọ, ìdí nìyẹn tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera fi ń gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò wọ́pọ̀ kì í ṣe ohun tí kò sí.

Báwo ni ẹ óò ṣe dá a mọ̀? Kò sí ọmọ ọwọ́ tí wàrà díẹ̀ kì í ṣàn jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá ń tóbi sí i, ẹ fọkàn balẹ̀. Èébì àrùn yìí yàtọ̀: ó máa ń tú jáde pẹ̀lú agbára, ó lè fò kọjá itan ìyá. Funfun ni, tàbí bíi wàrà tí ó ti dì. Bí ọmọ ti bì tán ni yóò tún máa wá ọmú, nítorí ebi ń pa á. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ìtọ̀ rẹ̀ ń dín, ìgbẹ́ rẹ̀ ń dín, àwùjẹ̀ rẹ̀ ń jìn wọlé, ó sì ń rù. Bí èébì bá ní àwọ̀ ewé, nǹkan mìíràn ni, ó sì lè burú ju èyí lọ. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Èrò tèmi rèé. Àgbo kò lè ṣí ọ̀nà yìí, oògùn inú kíkùn kò lè ṣí i, pípààrọ̀ wàrà agolo kò lè ṣí i. Kí a máa rọ ọmọ lágbo tilẹ̀ burú jù, nítorí ó lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì ṣe dá ra erythromycin fún ọmọ tuntun ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, nítorí a ti rí i pé ó lè fa àrùn yìí lára ọmọ tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní dìsípẹ́ńsárì, òṣùwọ̀n ni kí ó kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ìgò oògùn. Ọmọ tí ó bá wá lẹ́ẹ̀kejì nítorí èébì, tí kò sì wúwo sí i, ìwé ilé ìwòsàn ńlá ni ó tọ́ sí i.

Dókítà ará Jámánì kan, Conrad Ramstedt, ti kọ̀wé ní 1912 nípa iṣẹ́ abẹ tí a ń ṣe sí i títí dòní: a ó la iṣan tí ó nípọn náà, a kò ní la awọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìtọ́jú tí ó ṣáájú ọ̀bẹ ni ó gba sùúrù. Ọmọ tí ó ti ń bì lọ́jọ́ pípẹ́ ti pàdánù omi àti iyọ̀ ara. Bí a bá fún un ní oògùn oorun bẹ́ẹ̀, èémí rẹ̀ lè dúró. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dá ọmú dúró, tí wọ́n ń ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nímú láti fa omi inú àpòlúkù jáde, tí wọ́n sì ń fi omi àti iyọ̀ sí i nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ní àkókò yìí ni mo ti rí bàbá tí ń pariwo pé wọ́n ń fi ọmọ òun ṣeré, tí ó fẹ́ gbé e lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Ìdúró yẹn gan-an ni ìdajì ìwòsàn. Kí ìyá máa fún omi ọmú sínú ife mímọ́ kí ọmú má baà gbẹ, kí ó jẹ́ kí ara ọmọ móoru, kí ó sì kó ìlédìí tí ó tutù fún nọ́ọ̀sì láti wọ̀n.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, láàrin wákàtí mélòó kan, wọn óò tún bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní wàrà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kìíní, kí àyà yín má já. Ṣùgbọ́n bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, tàbí ara rẹ̀ gbóná, tàbí ojú egbò pọ́n, ẹ tètè gbé e padà.

Àìtètè mólè, olè á mólóko. Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di gìrìpá ọkùnrin báyìí. Ọwọ́ ìyá àgbà ni ó gbà á là, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí tèmi. Bí ọwọ́ tiyín náà bá sọ fún yín pé ọmọ fúyẹ́, ẹ gba ọwọ́ yín gbọ́, kí ẹ sì ní kí nọ́ọ̀sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ọlọ́run yóò bá wa dá àwọn ọmọ wa sí.