Òfin Gbọ́dọ̀ Dáàbò Bo Ẹran Kó Tó Dé Orí Àtẹ

Alápatà ni mí ní Ìsọlọ̀ ní Èkó. Ẹran ni mo fi ń tọ́ ọmọ, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má jẹ ẹran mọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹran tí a ó pa ní ẹ̀tọ́ kan lọ́rùn wa: kí a má fìyà jẹ ẹ́ kó tó kú. Òfin ló sì yẹ kó dúró ti ẹ̀tọ́ yẹn.

Ẹ wo màlúù tó ń bọ̀ láti òkè Ọya. Orí ìdúró ló máa wà nínú tírélà fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn yòókù á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kó lè dìde, wọ́n á lọ́ ọ nírù, wọ́n á fi igi nà án. Bí Iléyá bá dé, ẹ ó rí àgbò tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó há sínú búùtù nínú oòrùn, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì sì dá ọkọ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ Ànábì kọ́ wa pé kí a pọ́n ọ̀bẹ kó mú dáadáa, kí a má ni ẹran lára.

Àwa tí a ń kun ẹran mọ ohun tí ìkà yìí ń fà. Ojú ibi tí wọ́n nà, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, a ó gé e dànù. Ẹran tó ti rẹ̀ kó tó kú máa ń dúdú, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́.

Abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀ ka lílu ẹran nílùkulù àti gbígbé e lọ́nà tó ń ni ín lára sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Náírà 50! Ta ni ìyẹn fẹ́ dẹ́rù bà lónìí?

Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New York kọ̀ láti fún erin kan tó ń jẹ́ Happy ní ẹ̀tọ́ òmìnira bíi ti ènìyàn. Adájọ́ 5 fọwọ́ sí ìdájọ́ náà, 2 ta kò ó. Èmi náà kò ní kí màlúù di ènìyàn. Àmọ́ ọwọ́ tí ìkà ti mọ́ lára lórí ẹran, kò ní pẹ́ kó tó kan ọmọ ọ̀dọ̀.

Ní 2021, Èkó ṣe òfin tó ka fífi màlúù jẹko káàkiri léèwọ̀. Oko àti ènìyàn nìyẹn ń dáàbò bò. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wa ṣe ti ẹran náà: owó ìtanràn tó ń dunni, àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa yẹ tírélà wò.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ bi alápatà yín léèrè bí ẹran rẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má rà á.