Ọ̀pá Ìwọ̀ Olówó Pọ́ọ́kú fún Odò Volta

Ẹni tó bá ra “salmon” lọ́jà Makola ní Accra, Títù ló gbé lọ sílé. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja inú yìnyín yẹn ní Ghana nìyẹn. Ojúlówó salmon, èyí tó máa ń ti inú òkun gòkè wá yé ẹyin sínú odò, ilẹ̀ olótùútù ló ń gbé, ọ̀pá tí wọ́n sì fi ń pa á níbẹ̀ lè wọ́n gan-an. Bàbá tó ń gbé ní Tudu tàbí Accra New Town, tó fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ pẹja lọ́jọ́ Sátidé, kò nílò irú ẹ̀. Ẹpíyà àti obokún odò Volta kì í béèrè iye tí wọ́n ra ìwọ̀.

Ọparun ti tó. Kó gùn tó mítà 4, kó gbẹ, kó má sì wúwo jù fún ọwọ́ ọmọdé. Ọ̀pọ̀ máa ń so okùn mọ́ ṣóńṣó ọ̀pá nìkan, ìyẹn ò sì dáa. Ìdí ọ̀pá, nítòsí ibi tí ọwọ́ ń dì mú, ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ so ó, kí wọ́n wá yí i mọ́ ọ̀pá lọ títí dé ṣóńṣó, kí wọ́n tún so ó níbẹ̀. Bí ẹja ńlá bá ṣẹ́ ṣóńṣó náà, okùn ṣì wà lọ́wọ́. Kí okùn tó kù sílẹ̀ má gùn ju ọ̀pá fúnra ẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, fìlà ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ìwọ̀ máa kọ́ gbé.

Orí okùn àti ìwọ̀ ni kí owó lọ. Okùn ọ̀rá tí oòrùn ti pa máa ń já. Ẹnu ẹpíyà kéré, torí náà ìwọ̀ nọ́ńbà 8 tàbí 10 ló bá a mu. Ègé sílípáàsì tó ti gbó máa léfòó dáadáa, ekòló tàbí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò sì ni ìdẹ.

Ìsàlẹ̀ omi ni obokún máa ń jẹun ní tiẹ̀, ó sì gba ohun tó wúwo. Púlọ́ọ̀gì tí àwọn mẹkáníìkì Abossey Okai ti yọ sọ nù dáa fún un. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n fi so ó, kó lè jẹ́ pé bó bá há sáàárín òkúta, òwú nìkan ló máa já.

Mítà 4 yẹn kì í ṣe fún ẹwà o. Látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ìdídò Akosombo parí lọ́dún 1965, tí ti Kpong sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1982, omi kì í kún gba ìsàlẹ̀ odò lọ́dọọdún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, koríko omi sì ti gba etí odò. Inú koríko yẹn ni ìṣáwùrú tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá wà. Kòkòrò náà á jáde látara ìṣáwùrú, á sì gba awọ ara wọlé sára ẹni tó bá wọ omi, kódà bí omi náà bá mọ́ lójú. Tó bá yá, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pá gígùn ló máa gbé ìdẹ kọjá koríko nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ìwọ̀ bá há, kí wọ́n gé e, kí ẹnikẹ́ni má wọ omi lọ yọ ọ́. Ọmọ tó bá ti wọ̀ ọ́ rí, kí wọ́n mú un lọ ṣàyẹ̀wò ìtọ̀. Praziquantel ni òògùn rẹ̀.

Kí wọ́n tún máa tẹ́tí sí rédíò. Lọ́dún 2023, nígbà tí Volta River Authority ṣí omi sílẹ̀ látinú ìdídò méjèèjì, omi bo Mepe àtàwọn ìlú míì létí odò.

Ti Odaw àti ọ̀sà Korle tó sún mọ́ ilé kò yẹ ní sísọ: ìdọ̀tí ìlú ti ba omi wọn jẹ́, ẹja ibẹ̀ kì í ṣe fún jíjẹ. Àwọn Gã kì í sì í lọ sójú òkun lọ́jọ́ Túsìdeè. Àwọn ará etí odò náà lè ní èèwọ̀ tiwọn, kí àlejò kọ́kọ́ béèrè.

Bí ẹpíyà bá wá jáde, orí ni kí ọmọ ti fọwọ́ pa á lọ sí ìrù, kí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ lè sùn, kó tó dì í mú.