Ta Ni Yóò Bá Wa Pín Owó Ìfẹ̀yìntì?

Nígbà tí ìgbéyàwó bá tú ká ní Doguè, ní Manigri tàbí ní Bassila, àwọn àgbà ilé méjèèjì a péjọ. Wọn a ka ẹran ọ̀sìn, wọn a ka iṣu inú àká, wọn a sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa gbé àti ẹni tí ilé yóò kù fún. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kì í kà: owó ìfẹ̀yìntì. A kò dá àwọn àgbà lẹ́bi pé wọn kò mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí ẹni tí a bí ìmọ̀ yìí mọ́. Àṣà tí a ń bá wí ni pé a ń fi ẹnu lásán pín ohun tí ìwé àti ìṣirò nìkan lè sọ bí ó ti tó.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ó ti rí. Òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ CNSS ń san ìpín 3,6 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí ètò ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ ń san 6,4 lé e. Bí sísan náà bá pé oṣù 180, tí òṣìṣẹ́ náà sì pé ọmọ 60 ọdún, a ó máa sanwó fún un títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Inú owó ọbẹ̀ ilé ni 3,6 yẹn ti ń jáde lóṣooṣù. Obìnrin tí ó fi èrè gàrí àti òrí dí àlàfo náà kò sí nínú ìwé CNSS, ṣùgbọ́n òun náà wà lára àwọn tí ó fi owó yẹn pamọ́. Bí wọ́n bá kọ ara wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25, ọkọ a gbé owó náà lọ lódidi, ìyàwó a sì gbé ìkòkò.

Ní 1931, ìjọba amúnisìn kọ ọ́ sínú Coutumier du Dahomey pé obìnrin wà lára ohun ìní ọkọ rẹ̀. Ta ni ó sì ń bá ohun ìní pín ohun ìní? Code des personnes et de la famille tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2004 gba obìnrin lọ́wọ́ ìtìjú yẹn. Síbẹ̀, ohun méjì wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Èkíní, ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú aṣojú ìjọba ní mairie nìkan ni ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin. Èkejì, tọkọtaya tí kò bá yan ètò ohun ìní kankan wà lábẹ́ séparation des biens: kí oníkálùkù mú ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni owó ìfẹ̀yìntì sì ń jẹ́. Bí ọkọ bá kú, opó ni owó tí ó kù wà fún. Ẹni tí a ti kọ̀ sílẹ̀ kì í ṣe opó.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ronú sí i. Jámánì ti ń pín in láàárín àwọn tí ó kọ ara wọn sílẹ̀ láti 1977. Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kejìlá ọdún 2000, adájọ́ lè gé ìpín nínú owó ìfẹ̀yìntì ẹnì kan fún ẹnì kejì, onímọ̀ ìṣirò ni ó sì ń bá wọn wọ̀n ọ́n nígbà tí ọ̀ràn bá le. Ní Faransé, bí ọkùnrin tí ó ti gbé obìnrin méjì níyàwó bá kú, ọdún tí ìgbéyàwó kọ̀ọ̀kan lò ni wọ́n fi ń pín pension de réversion: ẹni tí ó lo ọdún 20 gba ìlọ́po méjì ẹni tí ó lo 10.

Kí ni a fẹ́ kí onímọ̀ ṣe fún wa? Ẹni tí ó bá ní oko kájú ní Bassila mọ̀ pé a kì í fi èso tí ó wà lórí igi lónìí díye lé oko. Ọjọ́ orí igi ńkọ́? Ọdún mélòó ni yóò tún so? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni owó ìfẹ̀yìntì rí. Ẹni tí a bá sọ fún pé, “Mú ilé, kí o fi owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀,” kò lè mọ̀ bóyá èrè ni tàbí òfò, àfi bí ẹni tí ó mọ ìṣirò bá bá a wò ó.

Àwọn kan yóò wí pé kíkọ́ obìnrin ní irú nǹkan báyìí ni ó ń tú ilé ká. Ṣé ẹni tí ó tún òrùlé ṣe ni ó pe òjò? Àwọn mìíràn yóò wí pé, “Èmi ni mo ṣiṣẹ́.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ó tọ́jú ilé tí o fi lè jí lọ síṣẹ́? A kò sì sọ èyí fún obìnrin nìkan: bí ìyàwó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ọkọ jẹ́ àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn tí ó wí pé agbẹjọ́rò wọ́n kò parọ́, ṣùgbọ́n òfin ní ètò assistance judiciaire fún aláìní.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Kí tọkọtaya tó lọ sí mairie, kí wọ́n bi notaire tàbí agbẹjọ́rò nípa ètò ohun ìní tí ó yẹ wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé ìpín kankan ṣáájú kí onímọ̀ tó ka ìwé CNSS tàbí ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Kí àwọn aṣòfin ní Porto-Novo sì kọ ọ́ sínú òfin pé ọdún tí a jọ gbé yóò ka nínú owó ìfẹ̀yìntì. Ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí a pe agbẹjọ́rò kan àti òṣìṣẹ́ CNSS kan wá sí Doguè, kí wọ́n fi èdè wa ṣàlàyé. Kí àwọn àgbà máa bá wa parí ìjà. Kí àwọn onímọ̀ máa bá wa ka owó. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.