Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Ni Ibi Tó Dí Ọ̀nà Ọmọ

Àwọn àgbà ní ọjọ́ tí a bá rí ibi ni ibi ń wọlẹ̀. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí orí ibi ọmọ tí à ń rì sí ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ohun tí ó bá yọjú tí kò gba ìmẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún wa lé lórí. Síbẹ̀, bí a bá wo ọ̀ràn aboyún tí ibi rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu ilé ọmọ, tí ó dùbúlẹ̀ gbalaja níbẹ̀ bí ẹni tí ó sùn dí ìloro tí kò jẹ́ kí ará yàrá ráyè jáde, a ó rí i pé ní Ìlọrin wa yìí, Ìlọrin Àfọ̀njá, Gẹ̀rì Àlímì, ìlú àwọn àfáà tí ó mọ ìwé àti àwọn ìyá tí ó mọ ọjà, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń rí ọ̀ràn náà lónìí tí wọ́n sì ń dá a di ọ̀la, títí ọ̀la yóò fi di òru, tí òru yóò sì di ìgbà tí kò sí ọkọ̀ lójú títì mọ́.

Ibi ọmọ ni ó ń gba oúnjẹ àti èémí lára ìyá fún ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ ni ó sábà máa ń fìdí múlẹ̀ sí. Nígbà tí ó bá wá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ó fìdí múlẹ̀ sí, tí ó bo ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà wá sáyé, yálà pátápátá tàbí lápá kan, àwọn oníṣègùn a pè é ní placenta praevia, àwọn nọ́ọ̀sì a sì wí fún aboyún pé, "Ìyá, ibi ọmọ yín wà nísàlẹ̀." Nínú nǹkan bí obìnrin 200 tí oyún wọn gbó, ẹnì kan ni ó máa ń bá. Ó sábà máa ń bá ẹni tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ rí, ẹni tí ó ti bímọ púpọ̀, ẹni tí ó lóyún ìbejì, ẹni tí ó ti lé ní ọdún 35, àti ẹni tí wọ́n ti fọ ilé ọmọ rẹ̀ rí nígbà tí oyún bàjẹ́. Orogún kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ìyá ọkọ kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, aboyún fúnra rẹ̀ kò sì jẹ ohunkóhun tí ó fà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ní Òkèlele ṣe àpẹẹrẹ, kí a ní oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ọmọ karùn-ún sì ni. Ó jí láti ṣe àlùwàlá kí ó lè kí ìrun àsùbáà, ó sì bá ẹ̀jẹ̀ lórí ẹní, ẹ̀jẹ̀ pupa fòò. Inú kò run ún, ẹ̀yìn kò dùn ún, ọmọ sì ń yí nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yí lánàá. Ó pe ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ pe ọkọ, ọkọ sáré lọ bá àfáà. Kí oòrùn tó yọ, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Àfáà kọ hàǹtú sí wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́ sínú abọ́, ó mu ún. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹ̀jẹ̀ kò padà wá, gbogbo ilé ní alihamudu lilahi. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé bí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ti máa ń ṣe nìyẹn, hàǹtú ìbáà wà, ìbáà má sí: kì í mú ìrora wá, ó sì sábà máa ń dá fúnra rẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ ilé ọmọ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà, tí ó sì ya ibi díẹ̀ kúrò lára ògiri tí ó lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó bá tún nà ni èyí tí ń bọ̀ yóò dé, kò sì sí ẹni tí ó lè búra pé kékeré ni yóò jẹ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà sì ni ìró ogun. Èmi kò bá hàǹtú jà; kí obìnrin náà mu hàǹtú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó mu ún nínú ọkọ̀ tí ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá àgbẹ̀bí tí ó bá sì fẹ́ mọ bí ọ̀nà ti ṣí tó, ìka ni ó máa ń fi wò ó. Nínú oyún tí ibi rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ìka yẹn gan-an ni ó lè ya ibi, tí ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa dà ṣàà tí aṣọ kò ní lè gbà á mọ́. Aboyún tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọwọ́ bọ ojú ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ àgbẹ̀bí, ìbáà jẹ́ dókítà, títí síkáànù yóò fi sọ ipò tí ibi wà. Bí síkáànù bá sì ti sọ pé ó dí ọ̀nà, kí ọkọ náà ní sùúrù lórí ibùsùn títí ìyàwó rẹ̀ yóò fi sọ̀.

Ó yẹ kí n tètè sọ èyí, kí n má bàa dẹ́rù ba ẹni tí ẹ̀rù kò tọ́ sí. Bí síkáànù bá fi hàn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20 pé ibi wà nísàlẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni à ń dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Nínú obìnrin mẹ́wàá tí a bá rí irú rẹ̀ lára wọn ní ìgbà náà, bíi mẹ́sàn-án ni ibi wọn yóò ti jìnnà sí ẹnu ọ̀nà kí oṣù wọn tó pé. Kì í ṣe pé ibi ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn, ìsàlẹ̀ ilé ọmọ ni ó ń gùn sí i bí oyún ti ń dàgbà, tí ó sì ń gbé e gòkè. Ìdí nìyí tí a fi ń tún un wò ní ọ̀sẹ̀ 32, àti ní ọ̀sẹ̀ 36 bí kò bá tíì kúrò. Bí ó bá bo ẹnu ọ̀nà nígbà náà, tàbí tí etí rẹ̀ kò jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí i, ọ̀rọ̀ ti di ti iṣẹ́ abẹ, kò sì sí àgbo tí yóò sún un. Ọ̀pọ̀ aboyún wa sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣe síkáànù, ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń bá lọ ni pé akọ ni àbí abo.

Ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ tí a dá ọjọ́ fún àti iṣẹ́ abẹ òjijì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ju ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru lọ. Èyí tí a dá ọjọ́ fún, láàárín ọ̀sẹ̀ 36 sí 37 ni ó sábà máa ń bọ́ sí, nígbà tí ọmọ ti gbó tó láti mí fúnra rẹ̀, tí ìrọbí kò sì tíì dé láti ya ibi. Bí ó bá sì di dandan kí a gbé ọmọ jáde ṣáájú, abẹ́rẹ́ wà tí a ń fún ìyá kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó. Ìyá ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ tí ó bá tirẹ̀ mu ti wà ní tòsí, àgbà nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ ni yóò mú ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọn yóò fún un, tí kò ní sùn, tí yóò sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀. Èyí tí kò ní ọjọ́ ń dé ní aago méjì òru, pẹ̀lú obìnrin tí ojú rẹ̀ ti funfun, ọkọ tí ń wá ẹni tí yóò yá a lówó, àti dókítà tí ń béèrè ẹ̀jẹ̀ tí kò sí. Bí nǹkan bá wá bàjẹ́ tán, a ó ní iṣẹ́ abẹ ni ó pa á. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Kò sì sí ìlú tí ó mọ ètò ṣíṣe ju Ìlọrin lọ. Bí ìyàwó yóò bá wọlé, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni a ti ń gbé aṣọ ẹbí kiri. Kí ọmọ tó délẹ̀, bàbá rẹ̀ ti mọ àgbò tí yóò rà, ó ti mọ àfáà tí yóò pe orúkọ, ó ti mọ ẹni tí yóò dúró ti ìkòkò ọbẹ̀. Bi í léèrè ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ nítorí ìyàwó rẹ̀, yóò dákẹ́. Èrò tèmi ni pé bí síkáànù bá ti fìdí ọ̀ràn náà múlẹ̀, kí ẹbí jókòó kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kí ìyá ọkọ wà níbẹ̀, kí àwọn àbúrò ọkọ wà níbẹ̀, kí aboyún fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ilé ìdáná. Kí ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta tí ara wọn le lọ sí ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ kí wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ: ẹ̀jẹ̀ kò ṣe é fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀, wọ́n lè fi ṣe nǹkan. Rárá o. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tàbí HIV wà nínú rẹ̀, wọn yóò sì fi dípò èyí tí wọ́n bá yọ fún ìyàwó yín. Tiyín lè má wọ ara rẹ̀ rárá. Bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, ọkùnrin tí ó bá jẹun dáadáa ti lè fún wọn ní òmíràn.

Kí wọ́n jíròrò ọ̀nà pẹ̀lú. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, tí ẹ̀ka ìgbẹ̀bí rẹ̀ wà ní Àmílégbè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti kó lọ sí ojú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Pàkátà, gbogbo ìgboro ni yóò là já kó tó dé ibẹ̀, kọ̀rọ̀pẹ́ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni ní òru. Ta ni ó ní mọ́tò láàdúgbò? Ǹjẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù aboyún? Bí ilé bá jìnnà jù, ẹ̀gbọ́n wo ni ó ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn tí aboyún lè lọ sùn sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ó kù? Ní ti owó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa gbé ìnáwó iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún àwọn obìnrin tí kò ní lọ́wọ́, ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ìkéde dára, ṣùgbọ́n kí ọkọ lọ béèrè ní ilé ìwòsàn tí ìyàwó rẹ̀ ń lọ, nígbà tí ara ṣì dá, bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀ àti ìwé tí wọ́n ń gbà. Kwara yìí ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera fún àwọn àgbẹ̀ ní Ṣóńgà ní ọdún 2007. Dídá owó ìtọ́jú díẹ̀díẹ̀ kí àìsàn tó dé kì í ṣe àjèjì létí wa.

Ìtìjú ni ó kù, òun ni mo sì kà sí ọ̀tá tí ó burú jù. Obìnrin tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ gba ikùn, àwọn kan a máa wò ó bí ẹni tí kò bí i dé ojú àmì. Bí ẹ kú ewu bá tán lẹ́nu wọn, wọ́n a yíjú sí ara wọn. Àwọn baba wa kò rí ayé bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni wọ́n pè é, wọ́n sì ń kì í ní Àdùbí. Èyí tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn, Òjó ni bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin. Èyí tí ó wà nínú àpò tí kò ya, Òkè ni. Ọ̀nà tí kò wọ́pọ̀ ni gbogbo wọn gbà dé, orúkọ àti oríkì ni wọ́n sì fi pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tí ó bi ìyá Ìgè pé kí ló dé tí ọmọ rẹ̀ kò fi orí wá. Ẹni tí ó bá sì ní iṣẹ́ òyìnbó ni, kí ó gbọ́ ohun tí Robert Felkin, oníṣègùn ará Britain, rí ní Kahura ní ilẹ̀ Bunyoro, ní Uganda òde òní, ní ọdún 1879: àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ibẹ̀ fi ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fọ ọwọ́ àti ikùn aboyún, wọ́n gbé ọmọ jáde láàyè, wọ́n fi ìṣó irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti okùn pa ojú ọgbẹ́ dé, ní ọjọ́ kọkànlá ọgbẹ́ ti jinná. Adúláwọ̀ ni gbogbo wọn.

Àwọn ilé ìwòsàn náà kò gbọdọ̀ rò pé ìlú nìkan ni mò ń bá wí. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ ọ́ gbangba pé kí a ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú, ewu àti iye owó fún aláìsàn, ní èdè tí ó gbọ́ bí ó bá ti lè ṣeé ṣe. Nọ́ọ̀sì tí ó bá jágbe mọ́ aboyún pé, "Ẹ lọ ṣe síkáànù, ẹ̀yin náà ẹ̀ ń yọni lẹ́nu," kò tíì ṣàlàyé ohunkóhun.

Ẹ̀rù tí ń ba àwọn obìnrin kì í sì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Lóòótọ́, ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé bíi mẹ́ta péré nínú ìbímọ 100 ni iṣẹ́ abẹ wà nínú rẹ̀, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi 10 sí 15 ṣe òṣùwọ̀n láti ọdún 1985. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2006 fi hàn pé, nínú àwọn tí ibi wọn dí ọ̀nà, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ wọn àkọ́kọ́, bíi mẹ́ta nínú 100 ni ibi ń wọ ẹran ara ilé ọmọ lọ tí kì í fẹ́ ṣí. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó di 11. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó di 40. Nígbà mìíràn, kí ìyá má bàa kú, ilé ọmọ ni wọn yóò yọ. Ọ̀rọ̀ yìí, inú yàrá dókítà ni ó yẹ kí tọkọtaya ti gbọ́ ọ, lórí àga, pẹ̀lú àyè láti béèrè, kì í ṣe lórí ibùsùn tí wọ́n ń tì lọ. Níbẹ̀ náà ni ó sì yẹ kí wọ́n ti bára wọn sọ iye ọmọ tí ó kù tí wọ́n fẹ́ bí, àti ọdún mélòó tí wọn yóò fi sáàárín èyí àti èyí tí ń bọ̀.

Ìgboro ni mo ti ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, ibi tí ọkọ̀ kan lè gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ ní Káyamà tàbí ní Bàrùtẹ́ẹ̀nì, ọ̀nà jíjìn ni ó wà láàárín òun àti Ìlọrin. Nítorí náà, bí àwọn tí ń wá ìbò bá tún dé pẹ̀lú ìlù àti fìlà, kí ẹnì kan nínú wa dìde kí ó bi wọ́n léèrè iye àpò ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú fíríìjì ilé ìwòsàn Káyamà ní òru ọjọ́ náà, kí ó sì béèrè orúkọ awakọ̀ tí yóò gbé aboyún.