Ohun Tí A Rò Pé Ó Ti Parẹ́

Kíkà: Jeremáyà 36:20-32; Lúùkù 15:8-10

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nìkan, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ó ti kú ni, àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Opó kan wà nínú ìjọ wa ní Ìgbò-Ọrà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì. (Ní ìlú ìbejì bíi tiwa, orúkọ yìí kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni!) Ọkọ rẹ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ni ó sì ń kọ ìṣirò owó ẹgbẹ́ sí. Nígbà tí bàbá náà sùn nínú Olúwa, tí wọ́n lọ wo àwọn ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n rí i pé ikán ti jẹ púpọ̀ nínú wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi gba ọjà kan pé akọ̀wé ti kó owó ẹgbẹ́ jẹ kí ó tó kú. Ìyá Ìbejì gbé láptọ́ọ̀pù náà wá bá wa tẹkúntẹkún. Ó ní, "Pásítọ̀, òkú kì í rojọ́. Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò mú kí ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀."

Àṣìṣe tiwa

A jẹ́wọ́ pé àwa gan-an ni a kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. A gbé ẹ̀rọ náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe, a ní kí ó bá wa tún un ṣe. Ó tún un ṣe lóòótọ́. Ẹ̀rọ tan, ó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ti fọ́ọ̀màtì rẹ̀, ó sì ti fi Windows tuntun sí i. A kò lè bá a wí. Ẹ̀rọ ni a sọ fún un pé kí ó tún ṣe. A kò sọ fún un pé ìwé inú rẹ̀ ni a ń wá.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé díẹ̀. Háádì dísìkì ni àpótí kékeré tí láptọ́ọ̀pù ń kó ìwé, àwòrán àti orin pamọ́ sí. Nínú irú ti àtijọ́, àwo róbótó tí ń dán bíi dígí ni ó wà níbẹ̀, tí ó ń yí kíákíá. Agbára irin òòfà ni a fi ń kọ nǹkan sára rẹ̀. Ohun tí ń kọ̀wé náà kì í fi ara kan àwo. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn kéré púpọ̀ ju fífẹ̀ irun orí kan lọ. Ìdí nìyí tí ekuru kékeré fi lè bà á jẹ́, tí a kò sì gbọdọ̀ ṣí àpótí náà nílé.

Nígbà tí a bá pa fáìlì rẹ́, ẹ̀rọ kì í ha ìwé náà kúrò lára àwo. Ó kàn ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé atọ́ka ni, a sì máa ka àyè ibẹ̀ sí èyí tí ó ṣófo. Ó dàbí oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fa òpó ààlà rẹ̀ tu. Ẹni tí ń kọjá lọ yóò rò pé ilẹ̀ lásán ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀, títí tí ẹlòmíràn yóò fi wá kọ ebè tuntun lé e lórí. Bí a bá dẹ́kun lílo ẹ̀rọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìrètí wà. Bí a bá ń lò ó nìṣó, ebè tuntun ni a ń kọ. (Irú tuntun tí wọ́n ń pè ní SSD, tí kò ní àwo tí ń yí, sábà máa ń fúnra rẹ̀ nu àyè náà mọ́ kíákíá, nítorí náà ìrètí tirẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.)

Ìrètí kò tí ì tán

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2003, ọkọ̀ òfúrufú Columbia ti Amẹ́ríkà túká lójú ọ̀run nígbà tí ó ń padà bọ̀ wá sí ayé. Àwọn méje tí ó wà nínú rẹ̀ ṣègbé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n rí háádì dísìkì kan láàárín àfọ́kù rẹ̀, tí iná ti jó lára. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Kroll Ontrack rí nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gbà padà, wọ́n sì tẹ èsì ìwádìí tí ó wà níbẹ̀ jáde ní ọdún 2008.

Bí iná ọ̀run kò bá pa tiwọn, a ní fọ́ọ̀màtì kò níí pa tiwa. Arákùnrin kan ní Ìbàdàn bá wa yọ háádì dísìkì náà, ó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sínú háádì dísìkì tuntun, ara ẹ̀dà yìí nìkan ni ó sì ti ṣiṣẹ́. Ó lo PhotoRec, tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì ni ó jáde, láìní orúkọ, nọ́ńbà lásán. Àwọn ìbejì náà jókòó tì í, wọ́n ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí obìnrin inú Lúùkù 15 tí ó tan fìtílà tí ó sì ń gbálẹ̀ nítorí owó fàdákà kan.

Àkọsílẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ kò jáde mọ́. Windows tuntun ti bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọdún mẹ́rin ìkẹyìn pé pérépéré. Owó tí wọ́n ní ó sọnù, wọ́n yá a fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ọjọ́ àti iye rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ akọ̀wé fúnra rẹ̀ wà lára àwọn ajigbèsè: ₦45,000. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní kí a yọ ìlà kan ṣoṣo yẹn kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìyá Ìbejì kọ̀. Ó ní, "Bí a bá yọ ìyẹn, èwo ni wọn yóò gbàgbọ́ nínú ìyókù?" Ó fi owó gàrí tí ó ń tà san gbèsè náà ní ìgbà mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó tún pe ọkọ rẹ̀ ní olè.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Ẹ̀yin ará, ohun tí a pa rẹ́ kò tí ì fi bẹ́ẹ̀ parẹ́. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn kan ra háádì dísìkì àlòkù ní Gánà, wọ́n sì rí ìwé àdéhùn Northrop Grumman pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ láìjẹ́wọ́ rí. A yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níwájú ènìyàn ni. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ni ó ń nu ún mọ́ pátápátá, ẹni tí ó bá sì gbé e wá sínú ìmọ́lẹ̀ ni ó ń nu tirẹ̀ mọ́.

Ẹ wo Bárúkù pẹ̀lú. Ọba Jèhóíákímù gé ìwé Jeremáyà, ó sì sọ ọ́ sínú iná, ṣùgbọ́n Olúwa ní kí wọ́n mú ìwé mìíràn kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n tún un kọ, wọ́n sì fi kún un.

Nínú ilé yín, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ ní ẹ̀dà ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó àti àwòrán ìdílé ní ibi méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan má ṣe sí nínú ilé yín.

2. Bí ẹ̀rọ bá kú, ẹ sọ fún alátùn-únṣe ṣáájú pé ohun inú rẹ̀ ni ẹ ń fẹ́. Bí ó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ pa á, ẹ má tan án mọ́.

3. Kí ẹ tó ta láptọ́ọ̀pù àlòkù, ẹ yọ háádì dísìkì rẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí onímọ̀ nu ún mọ́.

4. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jẹ́ kí aya yín mọ ibi tí àkọsílẹ̀ wà, àti gbèsè tí ẹ jẹ.

Àdúrà: Olúwa, ràn wá lọ́wọ́ láti gbé ìgbé-ayé tí kò níí dójú tì wá nígbà tí a bá ṣí ìwé wa. Àmín.